Ṣé a lè fi ọ̀gànwó rọ́pò pákó inú grand piano ìjọ wa?

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Èmi ni mo ń darí ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wa ní Ṣàgámù. Ọmọ ìjọ wa kan tó ń gbé nílùú Òyìnbó fi grand piano àtijọ́ kan ránṣẹ́ sí wa lọ́dún tó kọjá. Nígbà tí wọ́n ń sọ ọ́ kalẹ̀ láti inú kọ̀ǹténà, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan sán. A pe ẹnìkan wá láti tún ohùn rẹ̀ ṣe, ó dùn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó tún dàrú. Nígbà tí a yọjú sábẹ́ rẹ̀, a rí i pé pákó ńlá tó wà lábẹ́ àwọn wáyà ti là níbi méjì. Káfíńtà kan tó mọṣẹ́ dáadáa ní Ìjẹ̀bú-Igbó ní ká má wulẹ̀ da ara wa láàmù, òun á yọ pákó náà, òun á sì fi ọ̀gànwó gidi rọ́pò rẹ̀. Bàbá ìjọ wa kan tiẹ̀ ní tó bá jẹ́ pé àpótí àti wáyà náà ni, kí ló dé tí àwọn tó ń gbẹ́ gbẹ̀du ní Ìjẹ̀bú ò fi lè kan odindi ọ̀kan tuntun fún wa? Kí ni ká ṣe?"

Mo kí yín, ọ̀gá akọrin. Kí n tó la ọ̀rọ̀ yìí láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó lè gba owó ìjọ là: ẹ má tíì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yọ pákó yẹn. Ohun tí ẹ rò ni pé pákó ti là, ohùn sì ń dàrú, nítorí náà pákó tó là ló ń da ohùn rú. Ó jọ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀ dùùrù, ìyẹn piano, tí mo ti tú wò, àìsàn méjì tó wọlé pọ̀ ni wọ́n, ọ̀kan ò bí èkejì. Ojú ọjọ́ ló bí àwọn méjèèjì. Mo ti rí dùùrù tí pákó rẹ̀ là níbi mẹ́rin tí ohùn rẹ̀ dúró bí òpó, mo sì ti rí èyí tí pákó rẹ̀ dán mọ́rán tí kò lè di ohùn mú títí ìsìn fi parí. Mi ò tíì fojú kan tiyín. Bí mo bá wá ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó dá lójú jù, ẹ rántí pé lẹ́tà yín nìkan ló wà lọ́wọ́ mi.

Káfíńtà ni bàbá mi ní Ìjẹ̀bú-Òde. Inú ìyẹ̀fun igi ni mo dàgbà sí, mo sì ti ń fági fún ọdún mẹ́rin kí n tó lọ kọ́ṣẹ́ dùùrù l'Ékòó. Kò sí ẹ̀gàn kankan nínú ohun tí mo fẹ́ sọ nípa káfíńtà yín. Ká ní àga ni, tàbí pẹpẹ, tàbí òrùlé ilé ìjọ, mi ò ní dá sí i. Ṣùgbọ́n ohun tí bàbá mi fi kọ́ mi ni pé kí ohun tí mo bá kàn má mira rárá. Bí mo ṣe gúnlẹ̀ sọ́dọ̀ ọ̀gá mi l'Ékòó, ó ní kí n gbàgbé ìyẹn ná, torí pé pákó tí kò bá mira kò lè fọhùn. Ó gbà mí ní ọdún púpọ̀ kí ọwọ́ mi tó gba ẹ̀kọ́ kejì yẹn láì sọ àkọ́kọ́ nù, torí pé dùùrù ńlá fẹ́ méjèèjì pọ̀: apá kan nínú rẹ̀ ò gbọdọ̀ mira láéláé, apá kan ò sì gbọdọ̀ yé mira.

Ọ̀rọ̀ "àpótí àti wáyà" tí bàbá ìjọ yín sọ ni ká kọ́kọ́ tú. Kíì 88 ló wà lójú dùùrù, ṣùgbọ́n wáyà inú rẹ̀ ń lọ sí 230, torí pé ohùn òkè kọ̀ọ̀kan ní wáyà mẹ́ta, ti ìsàlẹ̀ ní méjì, àwọn tó wà nísàlẹ̀ pátápátá sì ní ẹyọ kan tó nípọn tí wọ́n fi bàbà wé lára. Wáyà kọ̀ọ̀kan le bí ẹni pé ẹrù bí 70 sí 90 kílò ni wọ́n so rọ̀ mọ́ ọn. Ẹ ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, nínú dùùrù ńlá ó ń lọ sí tọ́ọ̀nù 20. Ẹ̀yin ará Ṣàgámù kì í ṣe àjèjì sí sìmẹ́ǹtì: irínwó àpò nìyẹn. Irínwó àpò sìmẹ́ǹtì ló ń fa iwájú dùùrù yín mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, tọ̀sán tòru, kódà nígbà tí ilé ìjọ wà ní títì tí ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn án.

Igi nìkan ò lè ru ìyẹn. Bartolomeo Cristofori, ọmọ Padua ní Ítálì tó ń ṣiṣẹ́ fún ìdílé Medici ní Florence, ló kọ́kọ́ ṣe irú dùùrù yìí, ní nǹkan bí ọdún 1700. Èyí tí wọ́n ń lò ṣáájú máa ń fi èékánná kékeré ja wáyà bí ẹni ń ja gìtá, bí o tẹ̀ ẹ́ kíkankíkan, bí o tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́, ohùn kan náà ló máa fọ̀. Cristofori yọ èékánná, ó fi òòlù kéékèèké rọ́pò rẹ̀, ló bá di pé ọwọ́ ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ ló ń sọ bóyá kó sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ tàbí kó pariwo. Ibẹ̀ ni orúkọ rẹ̀ ti wá. Jẹ́jẹ́ ni "piano" lédè Ítálì. Mẹ́ta péré ló kù láyé nínú èyí tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe, ọ̀kan tó ṣe lọ́dún 1720 wà ní New York. Igi ni gbogbo ara wọn, wáyà wọn sì tín-ín-rín. Ṣùgbọ́n gbọ̀ngàn ń tóbi, àwọn èèyàn ń fẹ́ ohùn tó máa dé ẹ̀yìn, wáyà ń nípọn sí i, igi sì ń tẹ̀. Ọdún 1825 ni Alpheus Babcock ní Boston gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí férémù irin ẹlẹ́yọ kan fún dùùrù. Nígbà tó di 1859, àwọn Steinway, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe dùùrù ní New York, gba tiwọn lórí grand tí wáyà ìsàlẹ̀ rẹ̀ gba orí àwọn yòókù kọjá ní ìdábùú. Irin tó dà bíi góòlù tí ẹ ń rí bí ẹ bá ṣí ìdérí dùùrù yín, òun ni alágbàrù tó ru irínwó àpò yẹn. Inú yanrìn ni wọ́n ti ń dà á, bí àwọn tó ń rọ ìkòkò ní àdúgbò wa ṣe ń da tiwọn, àfi pé iná ò dọ́gba: alumí ń yọ́ ní 660 lórí ìwọ̀n Celsius, irin yẹn á lé ní 1,100 kó tó ṣàn.

Bẹ́ẹ̀ ni irin ṣe ru ẹrù, tó sì fún pákó fẹ́lẹ́ tó wà lábẹ́ rẹ̀ láyè láti máa gbọ̀n. Soundboard ni àwa oníṣẹ́ ń pè é. N ó máa pè é ní pákó ohùn. Wáyà fúnra rẹ̀ ò lè pariwo, ó tín-ín-rín jù láti ti afẹ́fẹ́. Afárá igi kan ló gbé wáyà sórí, afárá náà jókòó sórí pákó ohùn, bí òòlù bá lu wáyà, ìgbọ̀n náà á gba orí afárá bọ́ sínú pákó, pákó tó fẹ̀ bí ẹní á wá ti afẹ́fẹ́ inú gbogbo ilé. Nínípọn rẹ̀ láàárín kò ju bíi mìlímítà 8 tàbí 9 lọ, ó sì tún ń fẹ́lẹ́ sí i bó ṣe ń lọ sétí. Kò tẹ́ pẹrẹsẹ pátápátá o. Wọ́n ṣe é kó ga díẹ̀ láàárín, díẹ̀ tí ojú lásán kì í fẹ́ẹ̀ rí, kó lè máa ti wáyà sókè bí wáyà ṣe ń tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Àwọn ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tí ẹ rí lábẹ́ rẹ̀ bí egungun ìhà ló gbé e dúró bẹ́ẹ̀.

Igi tí wọ́n fi ń ṣe é ni spruce, igi ilẹ̀ olótùútù tó tan mọ́ igi tí wọ́n ń lò fún igi Kérésìmesì. Òtútù kì í jẹ́ kó tètè dàgbà, nítorí náà òrùka ọdún inú rẹ̀ há mọ́ra, wọ́n sì gún régé. Èyí tó dáa ń wá láti Alaska àti láti orí òkè Ítálì, ní Val di Fiemme. Wọ́n á là á lọ́nà tí àwọn òrùka yẹn á fi dúró lóòró nínú pákó, wọ́n á gbẹ ẹ́ dáadáa, wọ́n á wá lẹ̀ ẹ́ mọ́ra létí létí. Ohun tó jẹ́ kí wọ́n yàn án ni pé ó fúyẹ́, síbẹ̀ ó le. Ohùn ń sáré gba inú rẹ̀ kọjá ní ìlọ́po tó ju mẹ́wàá lọ sí bó ṣe ń sáré nínú afẹ́fẹ́. Ọ̀gànwó le, ṣùgbọ́n ó wúwo ju spruce lọ, ìrókò tún wúwo jù ú lọ. Arère fúyẹ́ bíi spruce, mo gbà, àwọn kan ti bi mí bóyá a lè lò ó. Rírọ̀ rẹ̀ ni kò jẹ́. Bí káfíńtà yín bá fi ọ̀gànwó ṣe pákó ohùn, dùùrù náà á ṣì dún o, kò ní yadi. Á kàn dún bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ látinú yàrá kejì, ohùn rẹ̀ á sì tètè kú.

Èyí ló mú mi dé ọ̀rọ̀ gbẹ̀du, tí mo mọ̀ pé bàbá ìjọ yín ò fi ṣeré. Ìbéèrè gidi ni. Ẹni tó lè gbẹ́ inú ìtí igi ọ̀mọ̀ títí ara rẹ̀ fi dọ́gba yíká, tí kò là, tí ère ara rẹ̀ sì jáde bó ṣe fẹ́, ọwọ́ rẹ̀ ò kéré sí ọwọ́ ẹni tó ń ṣe dùùrù ní Vienna. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí ohùn ti ń jáde lára gbẹ̀du. Awọ ni. Igi ló gbé awọ dúró tó sì ń ran ohùn rẹ̀ lọ́wọ́. Nínú dùùrù, pákó ohùn gan-an ni awọ. Káfíńtà yín rí i, ó rò pé ara igi ìlù ni, ìdí nìyẹn tó fi fẹ́ fi igi tó lágbára rọ́pò rẹ̀. Kí onílù kan bọ́ awọ ewúrẹ́ kúrò lójú ìlù rẹ̀, kó fi awọ màlúù tó nípọn dè é torí pé ti màlúù kì í tètè ya, ìyẹn ni ohun tó fẹ́ bá yín ṣe. Bí a bá sì ti ń sọ̀rọ̀ onílù, ẹ ti rí ìda tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ojú gúdúgúdú. Dùùrù ní irú tirẹ̀. Irun àgùntàn tí wọ́n tẹ̀ mọ́ra ni wọ́n fi bo orí òòlù inú rẹ̀, bí ohùn bá ń ta létí jù, a ó fi abẹ́rẹ́ gún irun náà díẹ̀díẹ̀ títí ohùn á fi rọ̀. Kò sí ìwé tó lè sọ iye ìgbà tó yẹ kéèyàn gún un. Etí ló ń sọ ọ́, bí ó bá sì ti kọjá ààlà, òòlù náà ti bàjẹ́ nìyẹn.

Ẹ wá jẹ́ ká wo ohun tó la pákó yín. Onílù kì í bẹ̀rẹ̀ òde láì tíì fi ojú ìlù rẹ̀ han oòrùn tàbí iná bí òjò bá rọ̀ mọ́jú, torí pé awọ ń mu omi látinú afẹ́fẹ́, ó sì ń dẹ̀. Igi náà ń mu ún. Ní àsìkò òjò, pákó ohùn á wú, àárín rẹ̀ á ga sí i, á ti wáyà sókè, ohùn gbogbo dùùrù á gòkè díẹ̀. Bí ọyẹ́ bá dé, pákó á sún kì, àárín rẹ̀ á wálẹ̀, ohùn á bá a wálẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí dùùrù tó ti lo ọ̀pọ̀ ọdún nínú ilé tí wọ́n ń fi iná móoru ní ìlú Òyìnbó ti gbẹ gan-an kó tó wọ kọ̀ǹténà. Ó wá gba orí òkun, ó dé Ṣàgámù, ó mu omi, ó wú, ọyẹ́ dé, ó sún kì lójijì, ó là. Kò sí ẹni tó ṣẹ̀ ẹ́. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ bi ara yín ni pé ṣé ẹ ní ẹ̀rọ amúlétutù nínú ilé ìjọ? Bí ẹ bá ń tan jẹnẹrétọ̀ fún wákàtí mẹ́rin ní ọjọ́ Ìsinmi, tí ẹ̀rọ náà ń fẹ́ atẹ́gùn gbígbẹ sára dùùrù, tí ẹ sì ń pa á títí di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ ń fún un ní ọyẹ́ kékeré kan àti òjò kékeré kan lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ìyẹn burú ju kó wà nínú ọ̀rinrin kan náà tọdún tọdún lọ. Mo máa ń sọ fún àwọn ìjọ pé bí wọn ò bá lè tan amúlétutù lójoojúmọ́, kí wọ́n gbé dùùrù jìnnà sí i, jìnnà sí fèrèsé pẹ̀lú, kí wọ́n sì fi aṣọ tó nípọn bò ó láti Ajé dé Sátidé.

Ohùn tí kò dúró ńkọ́? Ibi tí mo fura sí ni pákó píìnì. Òpin wáyà kọ̀ọ̀kan wé mọ́ píìnì irin kan tí wọ́n gbá wọ inú pákó líle kan tó fara pamọ́ sábẹ́ férémù, níwájú. Igi maple tàbí beech ni, wọ́n lẹ̀ ẹ́ ní ìpele ìpele kí ẹ̀là igi ìpele kan lè dábùú ti èkejì. Kò sí nọ́ọ̀tì níbẹ̀. Fífún tí igi fún mọ́ irin ni gbogbo ohun tó di tọ́ọ̀nù 20 yẹn mú. Bí pákó yìí bá gbẹ jù, ihò ara rẹ̀ á fẹ̀, píìnì á máa yí padà díẹ̀díẹ̀ fúnra rẹ̀, ohùn á sì máa ṣubú. Bí ẹ ṣe lè mọ̀ ni pé kí ẹni tó mọ̀ ọ́n lò fi kọ́kọ́rọ́ tí a fi ń tún ohùn ṣe mú píìnì, kó yí i díẹ̀. Bí ó bá le lọ́wọ́, tó ń yí pẹ̀lú agídí, pákó píìnì wà láàyè. Bí ó bá ń yí bí ṣíbí nínú ẹ̀kọ gbígbóná, ẹ ti rí ọ̀tá yín. Bó bá jẹ́ díẹ̀ nínú wọn ló rọ̀, a máa ń kán súpà gúlúù tó ṣàn bí omi sí ìdí wọn, á mu ún wọ ihò, á sì fún padà. Ó ń ṣiṣẹ́ ju bí àwọn ọ̀gá àtijọ́ ṣe fẹ́ gbà lọ. Àmọ́ ẹ rí i pé wọ́n fa gbogbo ètò kíì àti òòlù jáde ná, torí pé abẹ́ pákó píìnì gan-an ni òòlù wà, gúlúù tó bá kán sórí wọn ò ṣeé tún ṣe. Bó bá jẹ́ pé púpọ̀ ló rọ̀, a ó yọ wọ́n, a ó fi èyí tó sanra ju tàtijọ́ lọ sí i, àti wáyà tuntun. Bí pákó píìnì fúnra rẹ̀ bá ti là, iṣẹ́ ńlá nìyẹn, a gbọ́dọ̀ gbé férémù sókè.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí kò ní í ṣe pẹ̀lú àrùn kankan. Dùùrù tí wọn ò bá tún ohùn rẹ̀ ṣe fún ọ̀pọ̀ ọdún máa ń wálẹ̀ pátápátá. Bí ẹnìkan bá fà á gòkè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láti bá kíbọ́ọ̀dù yín dọ́gba, ó di dandan kó tún yọ̀ sílẹ̀, torí pé wáyà àti pákó ohùn ò tíì gbà. Ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta ni a máa ń ṣe é láàárín oṣù díẹ̀ kó tó jókòó. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ẹ kọ sí mi yẹn lè má ju báyìí lọ. Ẹni tó wá lọ́jọ́ náà ni ì bá ti sọ fún yín.

Ní ti ibi méjì tó là, ẹ ní kí ẹnìkan tẹ àwọn ohùn ìsàlẹ̀ kíkankíkan, kí ẹlòmíràn jókòó sábẹ́ dùùrù kó fetí sílẹ̀. Bí nǹkan kan bá ń kùn bí oyin, ó ṣeé ṣe kí ọ̀pá egungun kan ti ṣí kúrò lára pákó níbi tó là, ìyẹn gbọ́dọ̀ di lílẹ̀. Bí kò bá sí ohun tó ń kùn, ẹ fa òwú kan le gbọọrọ láti etí kan dé etí kejì lábẹ́ pákó náà, ní gbígba ẹ̀gbẹ́ ọ̀pá kan. Bí àlàfo kékeré bá wà láàárín òwú àti àárín pákó, ó ṣì ga bó ṣe yẹ, ẹ fi àlà náà, ìyẹn ojú ibi tó là, sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ohùn ò ní mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Mo kọ́ èyí pẹ̀lú ìtìjú. Lọ́dún tí mo kọ́kọ́ dá dúró, ìjọ kan ní Rẹ́mọ fún mi ní dùùrù tó là níbi kan. Oṣù keje ni, òjò ń rọ̀ kíkan. Mo po ìyẹ̀fun igi mọ́ gọ́ọ̀mù funfun ti káfíńtà, mo fi dí i, mo yún un, mo kùn ún, ó dán bí ẹni pé kò là rí. Nígbà tí ọyẹ́ dé ní December, ó là lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí mo dí gan-an, ó gùn ju ti àkọ́kọ́ lọ, ohun tí mo fi dí i sì dúró gedegbe láàárín bí eyín tó kù lẹ́nu arúgbó. Nígbà ọyẹ́, tí pákó ti sún kì dé ibi tó lè sún dé, ni a ń dí àlà, tẹ́ẹ́rẹ́ spruce tí a gé bá ojú rẹ̀ mu ni a sì ń fi dí i.

Ká wá padà sórí odindi dùùrù tuntun tí bàbá ìjọ yín ń sọ. Èmi ò tíì kan grand piano kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin rí. Àtúnṣe ni iṣẹ́ mi. Ṣùgbọ́n mo mọ ibi tó máa le. Ara ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tó tẹ̀ kọ̀rọ̀kọ̀rọ̀ yẹn, láti ọdún 1880 ni Steinway ti ń ṣe é báyìí: wọ́n á to pákó maple tẹ́ẹ́rẹ́ tó gùn léra wọn, ti èyí tó tóbi jù ń lọ sí ìpele 18, wọ́n á fi gọ́ọ̀mù sí i, àwọn ọkùnrin bíi mélòó kan á sì jọ fà á yí irin ńlá kan tó ní ìrísí dùùrù po kí gọ́ọ̀mù tó gbẹ, wọ́n á fi ẹ̀rọ dì í mú. Ó di ọ̀sẹ̀ púpọ̀ kí igi náà tó gbà pé bẹ́ẹ̀ ni òun rí. Àwọn Bösendorfer ní Vienna, tí wọ́n wà láti 1828, ò gbà bẹ́ẹ̀. Spruce ni wọ́n fi ń ṣe ẹ̀gbẹ́ dùùrù tiwọn pẹ̀lú, kí òun náà lè máa gbọ̀n. Àwọn méjèèjì ò tíì fohùn ṣọ̀kan títí dòní, bẹ́ẹ̀ ohùn àwọn méjèèjì dùn. Dùùrù ńlá Steinway kan lè gba nǹkan bí ọdún kan, èyí tó sì pọ̀ jù nínú ọdún yẹn, ìdúró ni: igi ń gbẹ, gọ́ọ̀mù ń dì, wáyà ń nà, wọ́n tún un ṣe, ó yọ̀, wọ́n tún un ṣe. Gààrí Ìjẹ̀bú ló máa ń wá sí mi lọ́kàn. Gbogbo èèyàn ló lè rẹ́ ẹ̀gẹ́, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá lè fi í sílẹ̀ lọ́jọ́ tó tó, kò ní kan. Pákó tí wọ́n ń tà ní búkà igi Ìjẹ̀bú-Igbó, omi sábà máa ń wà lára rẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ rà á. Fún àga, kò burú. Fún dùùrù, ọdún bíi mélòó kan ló kù kí a tó fọwọ́ kàn án.

Ẹ má sì rò pé ọwọ́ ẹnìkan ló ń ṣe gbogbo rẹ̀ lọ́hùn-ún. Àwọn Fazioli, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní Sacile ní Ítálì lọ́dún 1981 tí wọ́n sì ń ṣe dùùrù tó gùn ju mítà mẹ́ta lọ, ọ̀dọ̀ Renner ní Jámánì ni wọ́n ti ra ètò òòlù wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹlòmíràn ń ṣe kíì, ẹlòmíràn ń da férémù, ẹlòmíràn ń wé bàbà mọ́ wáyà. Bí ẹnìkan ní Ìjẹ̀bú bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lóòótọ́, bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe bẹ̀rẹ̀: kó ra férémù àti ètò òòlù, kó ra spruce, kó wá fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ẹ̀gbẹ́, pákó ohùn, afárá àti ìdérí. Mo rò pé ó ṣeé ṣe. Mo tún rò pé èyí àkọ́kọ́ á gba ọdún mẹ́ta, ohùn rẹ̀ ò ní dára, owó rẹ̀ á sì pọ̀ ju èyí tí a rà lọ́jà lọ. Ó yẹ kí ẹnìkan ṣe é síbẹ̀. Kì í kàn ṣe owó ìkórè ìjọ ni kó fi ṣe é.

Fún ẹ̀yin, bí píìnì bá le, owó àtúnṣe yín ò ní pọ̀: ẹ tún ohùn ṣe lẹ́ẹ̀mẹta láàárín oṣù mẹ́fà, ẹ gbé e kúrò níwájú amúlétutù, ẹ fi àlà sílẹ̀ di ìgbà ọyẹ́. Bí púpọ̀ nínú píìnì bá rọ̀ ṣùgbọ́n tí pákó ohùn ṣì ga láàárín, ó tó láti náwó sí. Bí pákó píìnì bá ti là, tí pákó ohùn sì ti tẹ́ pẹrẹsẹ, mo máa gbà yín nímọ̀ràn kí ẹ ra píánò kékeré tó ń dúró sára ògiri tó dáa, kí ẹ sì fi ọ̀wọ̀ ṣàlàyé fún ọmọ ìjọ yín tó fi í ránṣẹ́. Ó máa dùn ún. Ṣùgbọ́n mo ti rí ìjọ tó fi ọdún mẹ́jọ náwó sórí ẹ̀bùn torí ojú ẹni tó fún wọn, tí ẹgbẹ́ akọrin ò sì kọ orin kan sí i.

Ní ti káfíńtà Ìjẹ̀bú-Igbó, ẹ má lé e lọ. Ẹsẹ̀ tó sán yẹn ni kí ẹ fún un. Dùùrù yẹn á lé ní 250 kílò dáadáa, ẹsẹ̀ mẹ́ta péré ló sì gbé e dúró. Ẹsẹ̀ tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù àti ìṣó lẹ̀ mọ́ra lè yẹ̀ lọ́jọ́ tí àwọn ọmọdé akọrin bá fara tì í. Kó gbẹ́ tuntun látòkè délẹ̀, kó wọn ihò orí rẹ̀ mọ́ ti àtijọ́ dáadáa, kó sì lo ọ̀gànwó tó ti gbẹ. Bí ó bá ti parí, kí ó gbẹ́ èkejì tó jọ ọ́ pamọ́.